Ẹ Bá Mi Bi Jim Reeves Léèrè

Ẹ má lọ sọ fún Bàbá Tísà pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Bí ẹ bá sọ, màá ní irọ́ ni, màá sì búra lé e. Ohun tí mo ń wí ò ju pé orin kọ́ńtírì tí bàbá ń lù fún wa ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè yìí, ó ń dùn mọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú. Tó bá ń kọ lọ́wọ́, màá máa mi orí títí ata á fi jóná lórí iná. Tó bá dákẹ́ tán, màá wá rántí ìwà àwọn tó kọ ọ́ àti ilé tí wọ́n ti jáde wá, ara mi á gbóná.

Ẹ ṣáà mọ rédíò bàbá, èyí tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì, tí ìyàwó rẹ̀ fi àjákù léèsì ìgbéyàwó ọmọ wọn bò. (Ìyá Aláṣọ ṣì ń bèèrè owó léèsì ọ̀hún, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.) Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé báyìí, kí bàbá tó bọ́ agbádá, Jim Reeves ti gorí ojú fèrèsé. Ohùn ọkùnrin yẹn kò ní ẹ̀gún rárá! Wọ́n ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè lòun náà ń lò. Nígbà tó di 1957, ó sún mọ́ máíkì débi pé ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó rẹ ohùn wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn sọ̀rọ̀ létí. Ó ti ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ èèyàn lára.

Nítorí ohùn yìí, gbogbo àgbàlá wa gbà pé orin ẹ̀mí ni Jim Reeves ń kọ. Bàbá Tísà kan náà, tó ní ọmọ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu fújì lọ́jọ́ Olúwa, pé orin ayé ni, òun ló ń lu Jim Reeves láti aago kan títí oòrùn á fi wọ̀. Ká má parọ́, ọkùnrin náà kọ orin ẹ̀mí. Ó kọ ti Kérésìmesì náà, àwo rẹ̀ ti 1963 yẹn, kò sí Disẹ́ńbà tí mi ò gbọ́ ọ lójú ọjà. Ṣùgbọ́n èyí tí bàbá fẹ́ràn jù, tó máa ń dijú sí, ni He'll Have to Go, ti 1959. Ọmọ Ìyá Ìbejì tó wà ní yunifásítì ló là á yé mi. Ọkùnrin kan ló wà nílé ọtí, tó ń fi fóònù bẹ obìnrin pé kó lé ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jáde. Gbogbo orin náà nìyẹn.

Ẹ gbà mí! Ohun tí bàbá díákónì fi ń jẹ ìrẹsì Sọ́ńdè rèé! Bí èmi bá fi fóònù mi dán irú rẹ̀ wò lágbàlá yìí, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ ti pe ìpàdé.

Mo bi bàbá léèrè lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, èdè wo ni Jim Reeves tún fi kọrin?" Ó ní kò sí. Mo ní ó wà. Ní 1962, ó bá Chet Atkins àti Floyd Cramer, olórin bíi tirẹ̀, rìn lọ sí South Africa. Wọ́n gbà á níbẹ̀ débi pé ó padà lọ ṣe fíìmù kan, Kimberley Jim, ó sì kọ odindi àwo orin ní èdè Afrikaans, èdè àwọn tó ń ṣe ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà nígbà náà. Ọdún 1962 yẹn ni wọ́n mú Mandela. Ní oṣù kẹfà 1964 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un. Ní ọjọ́ tó parí oṣù keje ọdún kan náà ni bàálù Jim Reeves já nínú òjò nítòsí Nashville, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì o. Mo kàn ń ka oṣù ni.

Bàbá ò dá mi lóhùn. Ó ní kí n lọ wo iṣu mi tó ń hó.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a nínú igbó kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀ àti ti Dean Manuel tó ń tẹ dùùrù fún un. Ẹlòmíràn kú, ó parí. Jim Reeves kú, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀! Orin tí kò tíì jáde pọ̀ nílẹ̀, Mary ìyàwó rẹ̀ sì mọ ìtọ́jú ogún, ó ń jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀. Ní 1966, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Distant Drums gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkú ń lé alààyè sẹ́yìn. Ní 1981, wọ́n tún yọ ohùn rẹ̀ àti ti Patsy Cline, akọrin obìnrin tí bàálù pa òun náà ní 1963, wọ́n fi ẹ̀rọ so méjèèjì pọ̀, àwọn òkú méjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí ara wọn. Obìnrin tó ní ọkọ tirẹ̀! Ọkùnrin tó ní aya tirẹ̀! Ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́? Ìyá Ìbejì ní ṣebí owó ló mú wálé. Òótọ́ ni. Ẹ wo opó ilé kejì, ilé kan péré ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, àwọn ẹbí ti pín yàrá ibẹ̀ kí sìmẹ́ǹtì ojú oórì tó gbẹ. Ká ní ọkọ yẹn mọ orin kọ ni!

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ti gbọ́ bí Ìyá Onílé ṣe máa ń fi Stand by Your Man bá àwọn ìyàwó kéékèèké wí. Tí tọkọtaya bá ti jà báyìí, ìyá á ní, "Ẹ dúró ti ọkọ yín! Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí òyìnbó fi kọrin ni?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bi òyìnbó náà. Tammy Wynette lorúkọ rẹ̀, ọdún 1968 ló kọ ọ́, ọkọ márùn-ún ló sì fẹ́ kó tó kú. Ọdún tí orin yẹn jáde gan-an ló kó kúrò nílé ọkọ kejì.

Ẹ gbọ́ bó ṣe kó jáde, àwọn fúnra wọn ló rò ó káyé gbọ́. Oúnjẹ alẹ́ wà lórí tábìlì. Don Chapel, ọkọ ilé, wà níbẹ̀. George Jones, olórin tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, ló jẹ́ àlejò. Gbólóhùn aṣọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọkọ àti ìyàwó, ọkọ sì là á mọ́ èébú lójú àlejò. George dìde. Ó ki tábìlì mọ́lẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, oúnjẹ gba ibi, abọ́ gba ọ̀hún. Ọkọ ní kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ilé onílé. George ní òun nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà ni, ó sì kọjú sí Tammy pé òun náà nífẹ̀ẹ́ òun, àbí irọ́ ni? Tammy ní òótọ́ ni. Wọ́n kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò, wọ́n gba ọ̀nà lọ, àti ọbẹ̀ àti ọkọ wà nílẹ̀.

Ẹni tó ní kí a dúró ti ọkọ wa nìyẹn. Ọdún yẹn náà ló tún kọ orin mìíràn tí ìyá ń pe lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọmọ rẹ̀ kékeré má baà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ó ní orin àlọ, ó ní ti àbọ̀! Ìyá Onílé ò mọ apá yìí. Ẹnìkan ló yẹ kó sọ fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi. Owó ilé mi ti lọ́jọ́ díẹ̀ lórí.

Ẹ má sì rò pé ọwọ́ ọkọ gidi ni Tammy bọ́ sí. George Jones, ọtí ló ń mu ún, kì í ṣe òun ló ń mu ọtí. Kó tó fẹ́ Tammy, ìyàwó tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Texas nígbà náà kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pamọ́ kí ọkọ má baà lè jáde. Ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí jìn sí wọn tó máìlì mẹ́jọ. Obìnrin náà gbà pé òun ti ṣẹ́gun. George wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, èyí tó ṣeé gùn, tó dúró lábẹ́ iná pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀. Ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ agékoríko pamọ́ fún ọ̀mùtí? Ó gùn ún, ó bọ́ sójú títì, ó ń rọ́ lọ. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1996, ó ní àfàìmọ̀ kó máà gba òun tó wákàtí kan àti ààbọ̀ kí òun tó débẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ ajagbé ń kọjá, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ń kọjá, gbajúmọ̀ ńlá jókòó lórí agékoríko, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni yàrá ẹ̀yìn wa tí ìyàwó rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, tó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹlẹ́mu, tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ náà, ẹ bá mi dárí jì í.

Ìkọ̀sílẹ̀ George àti Tammy parí ní 1975. Ní 1980, George Jones yìí kan náà kọ orin ọkùnrin tó fẹ́ràn obìnrin kan dójú ikú, mo sì rí omi lójú Bàbá Tísà. Èmi náà sunkún. Kí ni kí n ṣe? Ó mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ títí tí mi ò rí, Don Williams. Ìyàwó kan, Joy, láti 1960 títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2017. Ó dé fìlà, ó jókòó, ó kọrin, ó lọ sílé. Ó wá sí Harare ní 1997, ó kọrin fún àwọn èèyàn wa tó mọ gbogbo orin rẹ̀ lórí, wọ́n ká a sí fídíò. Kí lèèyàn fẹ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Kò sí ohun tí a máa fi jẹ gúgúrú níbẹ̀. Kenny Rogers ńkọ́? Coward of the County rẹ̀, ti 1979, la fi ń ṣeré òṣùpá ní kékeré, à ń jó, à ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta inú orin náà ṣe sí olólùfẹ́ Tommy, ẹni tí wọ́n ń pè ní ojo. Láti ìgbà náà, tó bá ti ń bọ̀ lórí rédíò, mo máa ń wá nǹkan lọ rà.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ta ni kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nílé? Èyí tó ń dùn mí gan-an ni ti ìlẹ̀kùn ilé kọ́ńtírì, bí wọ́n ṣe ń ṣí i àti bí wọ́n ṣe ń tì í.

Ètò rédíò kan wà ní Nashville tí wọ́n ń pè ní Grand Ole Opry, láti 1925 ló ti bẹ̀rẹ̀, títí dòní ẹni tí kò bá débẹ̀ kò tíì dé ibì kankan nínú kọ́ńtírì. Ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kọ́kọ́ kàn nínú ètò náà ni DeFord Bailey, èèyàn dúdú, ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ṣe ẹrú rí. Dùùrù ẹnu ló ń fọn. Ó lè fọn ún kí ẹ gbọ́ rélùwéè tó ń bọ̀ lókèèrè, tó ń gun òkè, tó ń kọjá lọ. Bí ẹgbẹ́ bá rìnrìn àjò, òun ló ń kó èèyàn wá, ṣùgbọ́n àwọn yòókù á wọ òtẹ́ẹ̀lì, wọn ò ní gba òun wọlé. Ní 1941 wọ́n lé e. Ẹ mọ iṣẹ́ tó padà sí? Ó ń dán bàtà fún àwọn èèyàn ní Nashville níbẹ̀. Ó kú ní 1982. Ní 2005 ni wọ́n tó gbé orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ọlá kọ́ńtírì. Ẹ̀rín ọmọ aráyé!

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Charley Pride dé. Ìyá Ìbejì ń fi orin rẹ̀ gbá ilẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, bó sì ṣe jẹ́ pé rédíò ló ti ń gbọ́ ọ, ó ní òyìnbó ni. Mo fi fọ́tò hàn án lórí fóònù ọmọ rẹ̀, ó ní mo fi ẹlòmíràn rọ́pò. Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ àgbẹ̀ òwú ní Sledge, ìpínlẹ̀ Mississippi, ni Charley, wọ́n bí i ní 1934. Bọ́ọ̀lù onígi, bésíbọ́ọ̀lù, ló kọ́kọ́ ń gbá nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹ́ kan tà á pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ kan fún ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n sì fi owó náà ra bọ́ọ̀sì àlòkù. Èèyàn méjì, bọ́ọ̀sì kan! Nígbà tó wá di olórin, Chet Atkins ló gbà á sí ilé-iṣẹ́ àwo orin RCA, Chet Atkins kan náà tó bá Jim Reeves rìn lọ sí South Africa. (Èèyàn ò ṣeé kà tán.) Ní 1966, wọ́n fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé rédíò, wọn ò fi fọ́tò sí i. Ó di ìgbà tó jáde sórí pèpéle ní Detroit, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀. Ó bọ́ síta. Àtẹ́wọ́ kú. Charley ò bínú, ó fi àwọ̀ ara rẹ̀ dápàárá fún wọn, pé oòrùn ló pa òun lára tí kò ṣeé fọ̀ kúrò, wọ́n rẹ́rìn-ín, àtẹ́wọ́ padà bọ̀, ó kọrin. Ní 1971, ẹgbẹ́ kọ́ńtírì fún un ní ẹ̀bùn olórin tó ta yọ jù lọ́dún náà.

Bàbá Tísà ní ṣé ẹ rí i, ìyẹn ti tó, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó parí níbo? Ní 2019, ọmọ dúdú kan, Lil Nas X, gbé orin ẹlẹ́ṣin jáde, ìwé Billboard yọ ọ́ kúrò nínú tábìlì kọ́ńtírì pé kò kọ́ńtírì tó. Orin náà kúkú lo ọ̀sẹ̀ 19 nípò kìíní gbogbo orin Amẹ́ríkà. Beyoncé gbé Cowboy Carter jáde ní 2024, ẹgbẹ́ kọ́ńtírì ní Nashville ò pe orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn kankan, àwọn Grammy wá fún un ní ẹ̀bùn àwo kọ́ńtírì tó dára jù àti ti àwo ọdún pọ̀. Ọdún 2024 yẹn náà ni Shaboozey lo ọ̀sẹ̀ 19 tirẹ̀ nípò kìíní. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Igbo ni? Chibueze lorúkọ bàbá rẹ̀, olùkọ́ eré bọ́ọ̀lù kan ló pè é lódì nílé-ìwé. Bàbá Tísà ò gbà. Ó ní ọmọ Nàìjíríà wo ló máa kọ́ kọ́ńtírì láti ibo? Ẹni tó ti ń gbọ́ Jim Reeves láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ń bèèrè!

Ohun tó sì jẹ́ kí n máa jà nìyí. Ẹ wo bánjò tí wọ́n fi ń dá kọ́ńtírì mọ̀. Ọwọ́ àwọn ẹrú ló gbé e dé Amẹ́ríkà, igbá tí wọ́n fi awọ bò tí wọ́n na okùn sí. Àwọn Jola ní Gambia ṣì ń ta ìbátan rẹ̀, akonting. Àwọn òyìnbó gbà á, wọ́n ní tiwọn ni. Ní àwọn ọdún 1930, irú rẹ̀ kan padà bọ̀ sí Èkó, Àyìndé Bákàrè ń ta á nínú jùjú. Ó dà bíi ti aládùúgbò tó yá ìkòkò yín lọ tí kò dá a padà, tó wá ń fi se ọbẹ̀ tà fún yín lójú ọ̀nà. Ọbẹ̀ náà sì dùn! Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní kò dùn ni, ìjà ì bá rọrùn.

Àwa náà sì mọ yíyá. Gìtá tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, tó ń sunkún lẹ́yìn gbogbo orin kọ́ńtírì, ará Hawaii ni wọ́n rí i kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ará Texas. Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, gbọ́ ọ, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó gbé e wọ jùjú, ó fi Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù sídìí rẹ̀. Ẹ gbé àwo Juju Music ti 1982 sí i, ẹ gbọ́ bí irin yẹn ṣe ń rọ́ kọjá láàárín gángan, tí kò jà mọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Paul Simon ń ṣe Graceland ní 1986, Dẹ́mọ́lá yìí ló ta á nínú orin tó ni orúkọ àwo náà. Irin ará Hawaii, lọ́wọ́ Yorùbá, nínú orin ará New York tó ń lọ sílé Elvis ní Memphis. Kò sẹ́ni tó ní kò kọ́ńtírì tó.

Ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún Bàbá Tísà ló ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì fi mí sí ìgbìmọ̀ orin, ẹ ò mọ̀. Mo ti sọ tèmi. Mo ní kí wọ́n lu Jim Reeves, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ti fóònù kúrò, pásítọ̀ ń bọ̀. Ti Tammy, kí wọ́n dúró kí Ìyá Onílé lọ sílé ná. Kí Sunny gba ìrọ̀lẹ́. Charley Pride, àní kí wọ́n lù ú ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù, kí wọ́n sì gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọlọ́jọ́ ìbí, bánà ńlá, kí Ìyá Ìbejì wò ó dáadáa. Akápò ní ta ló máa san owó bánà. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ọtí.